Wọ́n rẹ́ àbúrò mi jẹ, ó wá ń bú ara rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àbúrò mi ń ṣe l'Ákùúrẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró láìsọ ìdí. Báyìí, bí ọlọ́kadà bá fowó lé owó ní Ọjà Ọba, á ní wọ́n tún ti rẹ́ òun jẹ. Tó bá dòru, á máa bú ara rẹ̀: “Ọ̀lẹ ni mí.” Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Sigmund Freud, dókítà kan tó ṣèwádìí nípa ọkàn ènìyàn, kọ ọ́ ní 1917 pé ìbínú sí ohun tí a pàdánù lè ṣẹ́rí padà sórí ara ẹni. Àmọ́ wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́! Báwo ni mo ṣe lè dúró tì í lórí ìrẹ́jẹ yìí, kó sì dẹ́kun bíbú ara rẹ̀?