Ẹ̀yin tí ẹ ti fojú kan àwòrán róbótó Damien Hirst, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá rojọ́

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Èmi ni mo béèrè, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo mú ìyá mi lọ rí dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ńbí. Àwòrán kan wà lára ògiri níbi tí wọ́n ní ká jókòó sí, róbótó aláràbarà ló kún inú rẹ̀. Màmá wò ó títí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ta ló lẹ hóró oògùn mọ́ ògiri báyìí?" Mo sún mọ́ ọn, mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: Valium, oògùn tó ń fọkàn ẹni balẹ̀! Ta ló sọ fún wọn?

Ọmọ_Ìlárá: 😂😂 Ṣé màmá ti ta kẹ́míìsì rí ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Aṣọ òkè ni wọ́n ń tà o. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò ò kéré.

Apòògùn: Sista, orúkọ oògùn ni Hirst fi ń sọ wọ́n lóòótọ́. Inú kátálọ́ọ̀gì Sigma, ilé iṣẹ́ tó ń ta kẹ́míkà, ló ti ń ṣà wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ kan kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú àwòrán kan, bí róbótó ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo àárín wọn náà ṣe ń fẹ̀. Èmi náà ń to hóró sínú ike ọlọ́jọ́ méje, ẹnì kankan ò fún mi ní mílíọ̀nù.

Baba_Ìbejì: Ṣé òun ló ń kùn ún ni? Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. Òun náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé Rachel Howard, ọ̀kan nínú wọn, ló mọ̀ ọ́n kùn jù.

Àlàbá_Gbẹ́nàgbẹ́nà: Kí ló burú ńbẹ̀? Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀kùn, orúkọ ọ̀gá mi ló wà lára rẹ̀.

Baba_Ìbejì: Owó ńkọ́?

Àlàbá_Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ fi ojú egbò mi sílẹ̀.

Ọmọ_Ifẹ̀: Ẹ̀yin ń sọ róbótó. Ère orí tó jọ orí Ifẹ̀, tí Hirst gbé lọ pàtẹ ní Venice ní 2017 ńkọ́? Victor Ehikhamenor, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ló fi igbe ta. Mo ti dúró níwájú orí Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, èyí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ilà ojú yẹn ò ṣeé ṣì mọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Ìtàn màmá mi la ń sọ o!

Ọmọ_Ìlárá: Wọ́n tilẹ̀ gbé róbótó rẹ̀ kan lọ sí Mars ní 2003, lára Beagle 2, ẹ̀rọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán lọ síbẹ̀, kí kámẹ́rà lè fi mọ àwọ̀. Ó gúnlẹ̀, kò fọhùn mọ́. Ọdún 2015 ni wọ́n tó rí i nínú fọ́tò.

Apòògùn: Valium ló lò.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Mo kà á fún màmá. Wọ́n ní ṣé ó jẹun kó tó lò ó?