"Fọ fíìmù" ni, kì í ṣe "ṣí fíìmù payá"

Ẹ̀gbọ́n wa dá àbá méjì: pé ká máa pe nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn àwòrán orí fíìmù tí dúdú ti di funfun, tí funfun sì di dúdú, ní "àwòrán-òdì", ká sì fi "ìṣípayá" rọ́pò "fífọ̀" tá à ń lò fún fíìmù. Mo gba ti àkọ́kọ́. Èkejì ni kò wọ̀ mí létí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde tá a gbé dàgbà, "wọn ò tíì fọ fọ́tò wa" là ń sọ tá a bá ń retí fọ́tò ìkómọ. Ẹ̀gbọ́n ní fífọ̀ kò bá a mu, torí kò sí ìdọ̀tí lára fíìmù. Ó wà o! Ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ládùúgbò wa ṣì ń fi fíìmù ya ojú èèyàn, títí kan àwọn regbẹ́regbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Mo dúró tì í lọ́jọ́ tó ń fọ róòlù kan tó gba àwòrán 36. (Inú òkùnkùn birimùbirimù ló ti ki fíìmù bọ agolo, iná pupa tẹ́ ẹ máa ń rí nínú sinimá, ìgbà tí wọ́n bá ń yọ fọ́tò sórí pépà ni wọ́n ń lò ó.) Oògùn àkọ́kọ́ ló ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà di fàdákà dúdú. Oògùn kejì, fíksà, ló ń ṣan iyọ̀ fàdákà ara fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn dànù. Bí ìyẹn bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, àwòrán á bàjẹ́. Omi ló gbẹ̀yìn, omi púpọ̀. Kí ló tún ń jẹ́ fífọ̀? Ta ló sì máa dé ṣọ́ọ̀bù táá ní "ẹ bá mi ṣí fọ́tò mi payá"?

Àwọn kan ní "òdì" burú, pé ọ̀rọ̀ òdì ló ń mú wá sọ́kàn. Ṣé ẹni tó yí bùbá sódì wọ̀ sọ̀rọ̀ òdì sí ẹnikẹ́ni ni? John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ lo "negative" fún àwòrán lọ́dún 1840 náà kò dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́", tó ti wà nílẹ̀, ló yá lò. Àmọ́ ẹ má gé e kù sí "òdì" lásán. Bá a bá kọ ọ́ láìfàmì sí i, odi ìlú ni wọ́n máa kà.

Ìyá àgbà kan gbé àwòrán-òdì tirẹ̀ sójú fèrèsé, ó rí gèlè funfun tó di dúdú, ojú dúdú tó di funfun, ó ní, "Ìgbà wo ni mo di òyìnbó?"

Ó ku ẹyọ kan. "Fọ̀" kan náà là ń lò fún fíìmù àti pépà. Mo bi ọ̀dọ́ ayàwòrán yẹn bó ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní òun á fọ fíìmù, òun á wá yọ fọ́tò.