Mò ń ránṣọ tọ̀sán tòru, mi ò rówó ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòyìn Aránṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣe fúrídọ̀m, mo lọ́mọ iṣẹ́ mẹ́ta, aṣọ ò sì wọ́n lọ́wọ́ mi rárá, àmọ́ tí owó ṣọ́ọ̀bù bá ti pé báyìí màá bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó kiri. Ọkọ mi ní ìnákúnàá ni mò ń ná, ó dùn mí gan-an torí mi ò ra góòlù mi ò ra bàtà. Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ń gba ₦4,000 lójúmọ́, àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 yẹn ni nǹkan ti dojú rú. Mo fẹ́ yá owó kóópù ra máṣíìnì oníná, bóyá iṣẹ́ á túbọ̀ yá. Ẹ má bú mi o.

Àǹtí Oníbúrẹ́dì: Ẹ má yá kọ́bọ̀! Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, kí lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ fún gan-an?

Ìyá Tòyìn Aránṣọ: Ẹlẹ́sẹ̀ ni máṣíìnì mi mà, kò nílò iná. Áyọ́ọ̀nù ni, pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù.

Bàbá Wẹ́dà: Háà, áyọ́ọ̀nù kẹ̀! Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe jẹun o. Áyọ́ọ̀nù kan lè jẹ 1,000 wáàtì, gílóòbù tó wà lókè yín yẹn lè má ju 10 lọ, ìyẹn ni pé áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ iná ọgọ́rùn-ún gílóòbù. Torí ẹ̀ náà lẹ ṣe ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, kékeré ò lè gbé e. Ẹ lọ ra áyọ́ọ̀nù eléèédú. Òun ni ìyá tèmi fi ránṣọ tọ́ wa. Ẹ ṣáà jẹ́ kí èédú yẹn ràn dáadáa níta, kẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, èéfín ẹ̀ ò ṣeé fà símú, kẹ́ ẹ sì gbọn eérú ẹ̀ dànù kó tó kan léèsì oníléèsì.

Sìsí Elétí Ọjà: Síìpù ńkọ́? Mo ń tà á, mo sì ń rí i, wọ́n á rán ọmọ iṣẹ́ wá ra ẹyọ kan, ọ̀kadà àlọ ọ̀kadà àbọ̀, owó ọ̀kadà ju owó síìpù lọ. Ẹ ra dúdú, funfun àti búráùn ní dọ́sìnnì. Àmọ́ ẹ má tìtorí pé ó pọ̀ ra o, kọ́sítọ́mà mi kan ra òwú elésè àlùkò dọ́sìnnì méjì torí mo bá a dín owó kù, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní 😂

Ọmọ Adéọlá: Ẹ yéé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó oúnjẹ jàre, ilé wọn ni kí wọ́n ti jẹun wá.

Àǹtí Oníbúrẹ́dì: @Ọmọ Adéọlá ìyẹn kọ́ ni ìnákúnàá. Tébi bá ń pa ọmọ tó fi sísọ́ọ̀sì ba aṣọ aláṣọ jẹ́, ṣé ìwọ lo máa san án?

Ìyá Tòyìn Aránṣọ: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra eléèédú, jẹnẹrétọ̀ kékeré àbúrò mi ni mo fi ń tanná nírọ̀lẹ́, epo tó ń gba ₦24,000 lọ́sẹ̀ ò tó ₦7,000 mọ́. Mo wá ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ná sínú ìwé Tòyìn tí kò lò mọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tó yà mí lẹ́nu: aṣọ mọ́kànlá ló wà lórí hángà tí wọn ò tíì wá gbà, èmi ni mo fowó ara mi ra láínìnì, síìpù àti síteè gbogbo wọn! Ọ̀kan wà níbẹ̀ látọdún Iléyá. Báyìí, ẹni tí ò bá san ìdajì sílẹ̀, sísọ́ọ̀sì mi ò kan aṣọ ẹ̀. Ẹni méjì ti bínú lọ, ọ̀kan ti padà wá. Máṣíìnì oníná yẹn, mo ti gbé e jù sílẹ̀ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá mọ ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé òótọ́ ló sọ.