Bàbá olóbì ń bọ̀ fún MRI ọkàn: adenosine ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìMọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá kan, kìló 70, ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la fún MRI ọkàn (àwòrán ọkàn) pẹ̀lú adenosine, oògùn tó ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn. eGFR wọn (òṣùwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín) jẹ́ 41. Wọn kì í mu kọfí, ṣùgbọ́n obì kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ṣé ó kan obì náà? Iye wo la máa gbé pọ́ǹpù sí, kí ló sì dé tí wọ́n ní ká gún apá méjèèjì?

AwòránBódìjà: Obì gan-an lẹjọ́ wà. Kaféènì inú rẹ̀ ló ń gba ipò mọ́ adenosine lọ́wọ́. Iṣan ò ní fẹ̀ bó ṣe yẹ, àwòrán á wá máa parọ́ pé kò síbi tó dí. Wákàtí 24 ni kí wọ́n fi jìnnà sí i. Ẹ dárúkọ obì, tíì, Kóòkì, ṣokoléètì, Panadol Extra àti Alabukun fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì yẹ àpò bùbá wò, awẹ́ kan kì í wọ́n níbẹ̀.

Gadolinium, oògùn tó ń mú kí àwòrán hàn dáadáa, ò ṣòro fún eGFR 41. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 30 la máa ń ṣọ́ra.

DókítàÀyà: Máíkírógíráàmù 140 fún kìló kan ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn mílígíráàmù 9.8 fún bàbá yìí. Bí oògùn yín bá jẹ́ mílígíráàmù 3 nínú mílílítà kan, ẹ gbé pọ́ǹpù sí mílílítà 196 ní wákàtí kan, fún ìṣẹ́jú 4 sí 6. Mílílítà 20 á há, torí rọ́bà tí oògùn ń gbà kọjá á mu díẹ̀. Ẹ fa 30.

Ti apá méjì: ipá ni gadolinium fi ń wọlé. Bó bá gba rọ́bà kan náà, á ti gbogbo adenosine tó wà nínú rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn sì lè dáwọ́ lílù dúró. Ẹ má so bẹ́líìtì tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá adenosine o. Bó bá fún, oògùn dúró. Bó bá tú, ó rọ́ wọlé.

Aláásímà tó ń fọn, ìfúnpá òkè tí kò tó 90, heart block (iná inú ọkàn tí kì í kọjá dáadáa) ìpele kejì tàbí ìkẹta láìsí pacemaker (ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù): ẹ fi adenosine sílẹ̀ fún wọn. Ojú bàbá á gbóná, àyà á fún wọn. Ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Bó bá le jù, ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ìdajì oògùn náà ti lọ. Aminophylline, oògùn tó ń pa agbára adenosine, wà nítòsí, ṣùgbọ́n òun kọ́ la máa kọ́kọ́ sáré mú.

Nọ́ọ̀sìMọ́kọ́lá: Ẹ ṣé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n jẹ ti ìkẹyìn. Bí a bá sún un sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ńkọ́?

AwòránBódìjà: Ó tó, bí awẹ́ mìíràn ò bá wọlé lóru.