Wíǹṣì fún ọkọ̀ oko ní Èkìtì: èwo ni kí á rà ránṣẹ́ sílé?

Ọmọ Ìkọ̀lé, Houston

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Ọkọ̀ Hilux tí bàbá mi fi ń kó kòkó àti iṣu jáde láti oko wọn, lápá ọ̀nà Ọ̀mùò, máa ń rì sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò, àwọn tí wọ́n sì máa ń bá wọn fi ọkọ́ àti pákó yọ ọ́ ti ń dàgbà. Mo fẹ́ ra wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tí ń fi okùn fa ọkọ̀ tó rì jáde, tí a ó dè mọ́ iwájú ọkọ̀ náà, kí n sì fi í sínú kọ̀ǹténà tí yóò kúrò níbí. Èyí tí mo rí tí owó rẹ̀ kò ga jù ni èyí tí agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ 9,500 pọ́ùn (pọ́ùn ìwọ̀n ni, kì í ṣe ti owó). Ǹjẹ́ ó tó? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé okùn irin ni kí n gbà, tàbí okùn oníke?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Calgary

Àbúrò mi, o káre. 9,500 pọ́ùn kò tó fún iṣẹ́ tí o sọ yìí, màá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé dídè wíǹṣì mọ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níhìn-ín. Ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ni a fi ń yan wíǹṣì, kì í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ òfìfo. A ó mú ìwọ̀n náà ní ọ̀nà kan àti ààbọ̀, ohun tí a bá sì rí ni agbára tó kéré jù lọ tí ó yẹ kí a rà. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin wọn bíi tọ́ọ̀nù méjì lófìfo. Bí wọ́n bá di ẹrù sí i dé ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fàyè gbà, ó di bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ọ̀nà kan àti ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 pọ́ùn. Gbogbo wa sì mọ bí a ṣe ń di ẹrù nílé lásìkò kòkó. Ti 12,000 pọ́ùn, tí í ṣe nǹkan bí 5,440 kílò, ni èmi yóò rà fún bàbá.

Iye tí wọ́n kọ sára páálí yẹn pàápàá, ìpele okùn àkọ́kọ́ tí ó sún mọ́ àgbá wíǹṣì (ibi tí okùn ń wé mọ́) nìkan ni ó wà fún. Bí okùn bá ṣe ń wé lé ara rẹ̀ ni agbára ń dín kù, nígbà tí yóò bá fi di ìpele kẹrin, ó lè ṣẹ́ ku bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí ó so okùn mọ́ igi tó wà nítòsí, nígbà tí okùn púpọ̀ ṣì wà lórí àgbá, ń fi agbára ṣòfò.

Àwọn ológun tí ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ ní òdiwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá mu táyà, agbára tí yóò yọ ọkọ̀ náà tó ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀; bí ó bá dé ìbòrí táyà, ó di ìlọ́po méjì; bí ó bá gun ara ọkọ̀, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn ni pé Hilux tọ́ọ̀nù mẹ́ta tí amọ̀ pupa ọ̀nà oko wa gbé dé ìbòrí táyà ń béèrè tọ́ọ̀nù mẹ́fà, èyí tí ó ju agbára wíǹṣì 12,000 pọ́ùn lọ. Ẹ kọ́kọ́ já ẹrù sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ́ wa ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ń so mọ́ igi kí okùn lè gba ojú rẹ̀: okùn tí ó gba inú púlì padà wá sára ọkọ̀ ń sọ agbára di nǹkan bí ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ yóò máa rìn ní ìdajì ìyára. Bí owó kò bá tó ra wíǹṣì 12,000 pẹ̀lú púlì, ra ti 10,000 tí ó ní púlì, má ra ti 12,000 tí kò ní.

Kí ni wọn yóò so okùn mọ́? Ìbéèrè yìí kì í wá sí ọkàn àwa tí a ń rà á lókè òkun. Igi kòkó kò lágbára tó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ, ọ̀pẹ sì lè hú nínú ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ jìnnà. Ìrókò, àràbà tàbí tíìkì tó ti gbó ni kí wọ́n wá, kí wọ́n sì fi bẹ́líìtì fífẹ̀ yí igi náà ká, kí okùn wíǹṣì fúnra rẹ̀ má kan èèpo igi, kí wọ́n má sì fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ okùn náà padà. Níbi tí kò bá sí igi, kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, kí wọ́n ri táyà ìpààrọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdúró, kí wọ́n so okùn mọ́ àárín rẹ̀, kí wọ́n sì la ojú tóóró fún okùn níwájú kòtò náà, kí ó lè máa fà á láti ìsàlẹ̀ dípò kí ó fà á sókè. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti okùn, èmi fara mọ́ okùn oníke tí a fi Dyneema, irú fọ́nrán oníke kan tó lágbára gan-an, ṣe, nítorí ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá rì lóko nílé, gbogbo abà ni yóò péjọ, àwọn ọmọdé ni yóò sì wà níwájú. Okùn irin tó já nígbà tí ó le dáadáa a máa fò padà, ó sì lè pa ènìyàn. Okùn oníke náà lè já, ṣùgbọ́n kò wúwo, agbára tí ó ń tọ́jú sínú ara rẹ̀ nígbà tí a bá fà á kò sì tó ti irin. Èyíkéyìí tí o bá rà, sọ fún bàbá pé kí wọ́n ju aṣọ wíwúwo tàbí àpò tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí àárín okùn, kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà ju gígùn okùn tí a nà lọ.

Ọmọ Ìṣẹ̀-Èkìtì, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí agbára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn oníke ń kọ mí lóminú. Yanrìn wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ wa a máa wọ àárín fọ́nrán rẹ̀, a sì máa gé e láti inú. Oòrùn ń ba á jẹ́. Dyneema sì ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru bí 150°C, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì tó wà nínú àgbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wíǹṣì máa ń gbóná gan-an bí a bá ń tú okùn sílẹ̀ nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé wíǹṣì tí a dè mọ́ iwájú, iwájú nìkan ni ó lè fa ọkọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn, ibi tí ọkọ̀ ti wá, ni ilẹ̀ ti máa ń le jù. Wíǹṣì ọlọ́wọ́ irú Tirfor, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, kò nílò bátìrì, a sì lè lò ó síbikíbi. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3,200 kílò pẹ̀lú púlì kan lè tó wọn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Calgary

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ. Ẹni tí kò bá ní lè máa fi omi fọ okùn oníke, tí kò sì ní bò ó kúrò lójú oòrùn, kí ó ra irin, kí ó ra ìbọ̀wọ́ aláwọ mọ́ ọn nítorí àwọn fọ́nrán irin tó ti já. Kí a má sì fi okùn oníke gba ẹnu ọ̀nà onírólà (ibi tí okùn ń gbà jáde níwájú wíǹṣì) tí okùn irin ti ha. Ẹnu ọ̀nà alumíníọ̀mù tí ó dán ni ó bá a mu. Fífa ọkọ̀ sẹ́yìn ni kókó tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Bí oko bàbá bá ní ẹni tí apá rẹ̀ ṣì le, Tirfor lè jẹ́ ìdáhùn tó péye, kì í sì í béèrè mẹkáníìkì.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà báyìí, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí náà oníná ni mo ṣì ń wò. Ṣé bátìrì tó wà nínú ọkọ̀ yóò gbé e?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Calgary

Bí bátìrì náà bá ti gbó, kò ní gbé e. Wíǹṣì 12,000 pọ́ùn lè fa iná tó 400 ampere nígbà tí ó bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, alternator Hilux kò sì lè pèsè ju ìwọ̀nba nínú rẹ̀ lọ; bátìrì ló ń ru ìyókù. Kí wọ́n ra bátìrì tuntun nílé, èyí tí agbára ìfọnná rẹ̀ (CCA tí wọ́n kọ sára rẹ̀) kò dín sí 650 ampere, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò tí wọ́n bá ń fa ọkọ̀, kí wọ́n sì máa fún mọ́tò wíǹṣì ní ìsinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí bẹ́ẹ̀. Béèrè èyí tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ series-wound, ìyẹn èyí tí wáyà wíwé ń ṣe iṣẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń fara da iṣẹ́ líle ju oní-mágnẹ́ẹ̀tì lọ. Kí réwáyà má fi wáyà tó tín-ín-rín rọ́pò èyí tó bá a wá, kí ó sì fi súwíìsì tí yóò máa gé iná kúrò pátápátá sí i.

Má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó o mọ́ bọ́ńpà lásán. Ṣáásí ni kí irin ìgbé rẹ̀ dì mọ́, pẹ̀lú bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 (ìpele líle rẹ̀) sí lórí tàbí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀. Rà irin ìgbé tó bá ọdún Hilux náà mu níbẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nyí ni ó máa ń ṣòro láti rí ní Adó.

Kí ó tó di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì, kí wọ́n tú okùn náà títí yóò fi ku nǹkan bí ìyípo mẹ́wàá lórí àgbá, kí wọ́n so ó mọ́ igi lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹrù tí wíǹṣì ń fà díẹ̀díẹ̀, kí okùn lè wé lé àgbá ní líle. Okùn tí a wé ní dídẹ̀ ń rì sáàárín ara rẹ̀ nígbà ìfà àkọ́kọ́, kì í sì í jáde mọ́.