Ọkọ̀ àlòkù ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Àbẹ̀kẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi tu owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi jọ, mo sì ti rí ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun fúnra òun ló ń lò ó. Kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, kò sì ní ìwé kankan tí yóò fún mi pé mo lè dá a padà. Bí mo bá ti sanwó tí mo gba kọ́kọ́rọ́, ohunkóhun tó bá yọjú lẹ́yìn náà, ọrùn mi ló wà.

Ọkọ̀ náà ti pé ọdún 12, mítà rẹ̀ sì ń ka 84,000 kìlómítà. Ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ mọ́, ó sì ń ta sánsán bí ẹni pé wọ́n da odidi ìgò lọ́fínńdà sí i. Kí n tó dé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kí n gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rọ̀ tó, ohùn náà sì rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó síbi ìwakọ̀, mo rí i pé rọ́bà tó wà lójú bíréèkì ti jẹ débi pé irin ti ń yọ létí kan. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ìyẹn kọ mí lóminú. Ó ní ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀ lọ́la, pé bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n san àsansílẹ̀ lálẹ́ òní.

Kí ni ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò? Ṣé kí n sanwó náà kí ọkọ̀ má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, àbí kí n dúró?

Bàbá Ìbejì dáhùn:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, má san àsansílẹ̀ kankan lálẹ́ òní. Ẹni tó ń gbé owó bọ̀ lọ́la, jẹ́ kó gbé e wá. Bí ó bá ra ọkọ̀ náà, owó tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ojú kì í fẹ́ rí àbùkù mọ́, nítorí pé ọkàn kì í fẹ́ gbà pé òun ti ṣìṣe.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì dáhùn:

Orí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ni mo fẹ́ gbà wọlé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ohun tí n kò sì fẹ́ràn jù lọ nínú ohun tí o kọ ni pé wọ́n ti ṣáná sí ọkọ̀ kí o tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná a máa pa àrùn mọ́ra. Èyí tó bá sùn mọ́jú ni ọ́ìlì rẹ̀ yóò ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, kò ní lè yí i, bí ṣéènì inú rẹ̀ bá ti dẹ̀, yóò dún kàrà-kàrà kí ó tó dákẹ́, èéfín tó sì sá pamọ́ yóò jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, gbogbo rẹ̀ ti kọjá, ohun tí o sì máa gbọ́ ni ohùn rírọ̀ tí o gbọ́ yẹn. Sọ fún un pé kí ó má ṣáná sí i kí o tó dé, bí o bá sì ti dé, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣì tutù, fa géèjì ọ́ìlì yọ, nù ún, tì í bọ̀ ọ́, kí o tún fà á yọ. Ọ́ìlì dúdú kò burú, ìyẹn kàn ń sọ pé ó ti tó pààrọ̀ ni. Èyí tó burú ni kí ó funfun, kí ó sì ki bí omi ọṣẹ, nítorí pé omi radiétọ̀ ti ń wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ti jó. Ṣí ìdérí radiétọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má ṣe dán an wò àyàfi bí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, nítorí pé omi gbígbóná inú rẹ̀ lè tú jáde kí ó sì bó ènìyàn lójú. Bí o bá rí ọ̀rá ọ́ìlì tó léfòó lórí omi náà, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o máa lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó ṣáná sí i, kí ìwọ dúró níbi sáléńsà. Oru funfun tó bá pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe àrùn. Èéfín funfun tí kò lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná ń sọ pé omi ń jó nínú rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jó, dúdú sì ń sọ pé epo ń pọ̀ jù, èyí tí ó sábà máa ń rọrùn jù láti tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti rọ́bà bíréèkì, ojú rẹ ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Bí a bá pín 84,000 sí ọdún 12, ó jẹ́ 7,000 lọ́dún, nǹkan bí kìlómítà 19 lóòjọ́. Ẹsẹ̀ tó ń rin ìrìn kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ rọ́bà kan irin. Wo ara sítíárì àti etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí ara máa ń gbà wọlé. Bí àwọn náà bá ti jẹ, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá mítà padà sẹ́yìn. Kì í ṣe iye tí ọkọ̀ náà tó nìkan ni èyí kàn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń lo táímìn-bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí písítìn àti fáàfù máa ṣiṣẹ́ ní ìbámu, tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní nǹkan bí 100,000 kìlómítà, bí ó bá sì já lójú ọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀ wọn, písítìn yóò gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́. Mítà tó ń purọ́ yóò jẹ́ kí o rò pé ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà.

Ìyá Tóyìn dáhùn:

Àbúrò mi, lọ́fínńdà yẹn ló mú mi kọ̀wé. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ọgbọ́n ló kọ́ ará ẹ̀yìn. Mo ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó ń ta sánsán, tí mo sì rò pé ẹni tó ń lò ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Lẹ́yìn oṣù méjì, òórùn dídùn náà kúrò, òórùn ẹrẹ̀ gba ipò rẹ̀, iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fúnra rẹ̀ lóru, gíláàsì fèrèsé kan sì kọ̀ kò gòkè mọ́. Àgbàrá ti bo ọkọ̀ náà rí kí n tó rà á. Wáyà tó ti mumi a máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò dé. Bí a bá tún ibì kan ṣe, ibòmíràn yóò tún kú.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí n fa ìgbànú ìjókòó jáde títí dé òpin, nítorí pé àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí apá tó ká sínú. Bí ilà ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ibi tí omi dé nìyẹn. Tì ìjókòó sẹ́yìn, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí irin tó ń gùn rìn nísàlẹ̀, kí o wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Gbé kápẹ́ẹ̀tì bùútù sókè, kí o sì fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ kòtò tí táyà àfirọ́pò ń gbé. Kí o sì ní kí wọ́n pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé fún wákàtí kan kí o tó wọ inú rẹ̀, kí òórùn tó bá sá pamọ́ lè jáde sí ọ nímú.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá dáhùn:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ débi pé ìwọ kò ní ra ọkọ̀ kankan mọ́. Ọkọ̀ ọdún 12 kò lè ṣàìní àbùkù. Táyà tó ti jẹ, ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀, bátìrì tó ń kú lọ, ìwọ̀nyí ni a fi ń dúnàádúrà. Èyí tí a fi ń padà sílé ni ọkọ̀ tó ti mumi, ṣáàsí tó ti ṣẹ́ tí wọ́n jó pọ̀, jíà tó ń yọ̀, àti ìwé tí kò bára mu.

Ìwé yìí ni àwa ọkùnrin máa ń fi ṣeré jù. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17 lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ káàkiri ayé lónìí. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà jọ 1 àti 0. Ka èyí tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ka èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí o sì ka èyí tó wà nínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, má fò. Orúkọ inú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró níwájú rẹ. Nọ́ńbà yìí kan náà ni o lè fi wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà bóyá wọ́n ti ní kí a dá irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe, bí wọ́n ti ṣe sí ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ tó ní àpò afẹ́fẹ́ adáàbòboni (airbag) tó lábùkù, èyí tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe.

Má sì lọ láìmú mẹkáníìkì tìrẹ dání, kì í ṣe ẹni tí olùtà bá júwe. Kí ó mú ẹ̀rọ tó ń ka àrùn ọkọ̀ dání, èyí tí a ń kì bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ dáṣíbọọdù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti mú ihò yìí pọn dandan láti ọdún 1996, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọkọ̀ rẹ náà ní i. Àwọn kan a máa pa àkọsílẹ̀ àrùn rẹ́ kí olùrà tó dé, kí iná ẹ́ńjìnnì má baà tàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà yóò fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tíì parí, nítorí pé bí a bá ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́, gbogbo wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba ìrìn ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó parí.

Àbẹ̀kẹ́ tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú mi. N kò san àsansílẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún un pé kí ó má ṣáná sí ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń pè é ní òpùrọ́. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Bàbá Ìbejì dáhùn:

Sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mẹkáníìkì mi fẹ́ bá a nílẹ̀ ní tútù.” Ó tán. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kò ní rí ìwọ̀sí nínú ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ tún kọ̀wé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta:

Mo ti lọ, mo sì ti dé. Aago méje òwúrọ̀ la débẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù, ẹ́ńjìnnì sì gbérí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yọ èéfín. Inú mi ti ń dùn. Nígbà náà ni mẹkáníìkì fa ìgbànú ìjókòó awakọ̀. Ó fà á, ó fà á, nígbà tó kù bí ìbú ọwọ́ méjì kí ó tán, ilà aláwọ̀ ilẹ̀ kan hàn, ó gún régé bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Irin abẹ́ ìjókòó ti pọ́n fún ìpẹtà. Ọkùnrin náà ní òjò ló gba ojú fèrèsé wọlé lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé ìdajì nínú àwọn àyẹ̀wò ọkọ̀ náà ni kò tíì parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ojoojúmọ́ lòun ń wà á.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kúrò níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí, ó ní òun yóò yọ ìdámẹ́rin owó náà kúrò. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ẹni tó ń gbé owó bọ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú, owó náà ń fà mí lójú díẹ̀.

Ìyá Tóyìn dáhùn:

Rárá o, àbúrò mi. Ohun tó yọ kúrò yẹn, ọwọ́ àwọn oníwáyà ni ìwọ yóò kó o sí kí ọdún tó yí po, ọkọ̀ náà yóò sì tún máa kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Fún èmi, kò sí iye tí ọkọ̀ tó mumi lè rọ̀ sí tí n óò fi rà á.

Àbẹ̀kẹ́ tún kọ̀wé:

Mo ti gbọ́, Mà. Mo ti dá a lóhùn pé n kò rà á mọ́. Òmíràn wà tí mo fẹ́ lọ wò ní Sátidé, ó fi ọdún mẹ́ta dàgbà ju èkíní lọ, mítà rẹ̀ ti kọjá 190,000, ara rẹ̀ sì ti ha níbi méjì, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni ín kó ìwé gbogbo àtúnṣe rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan, ti táímìn-bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé mẹkáníìkì mi fẹ́ bá a nílẹ̀ ní tútù. Ó ní kò burú, pé òun kò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti alẹ́ Jímọ̀.