Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: inú apá ẹ̀gbọ́n mi ti kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọyàn

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iléṣà ni a wà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọyàn òsì, wọ́n sì yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ṣùgbọ́n inú apá rẹ̀, láti abíyá wá títí dé ìtòsí ìgbọ̀nwọ́, kò mọ nǹkan lára mọ́. Nígbà míì á ní àfi bíi pé eèrà ń rìn níbẹ̀. Nígbà míì, aṣọ lásán tó bá kàn án á máa ta á. Àkàrà ló ń dín lọ́jà Atákúnmọ̀sà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òróró gbígbóná ta sí i níbẹ̀, kò mọ̀ rárá, èmi ni mo rí i pé ó ti lé ròrò. Nínú ẹbí, wọ́n ti ń ní ọwọ́ ayé ni, àǹtí wa kan sì ní ká sín gbẹ́rẹ́ sí i lápá. Ẹ̀rù ń ba òun fúnra rẹ̀ pé apá náà ń rọ lọ. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á wò ó sàn. Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o láràárọ̀, kí ẹ sì fi àdí pa á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí omi gbígbóná má kan ibẹ̀ o! Awọ tí kò mọ ooru á ti bó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àbúrò mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ìdílé ṣe ń pín ilẹ̀ ni àwọn iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn inú ara tó ń jẹ́ ká mọ ìfọwọ́kàn, ooru àti ìrora, ṣe pín awọ apá láàárín ara wọn. Èyí tó gba abẹ́ èjìká kọjá ló ni awọ ìta èjìká. Òmíràn ló ni ẹ̀yìn apá. Èyí tó ni abíyá àti inú apá lókè kò bá àwọn yẹn rìn: àárín eegun ìhà kejì àti ìkẹta ló ti ń yọ, á wá gba inú abíyá sọdá sínú apá. Àárín àwọn kókó tí wọ́n yọ gan-an ló gbà kọjá. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń fà á tàbí kí wọ́n gé e níbi iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ìmọ̀lára nìkan sì niṣẹ́ rẹ̀, kì í gbé apá, kò lè mú kí apá rọ.

Ẹ má gbà kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ kankan sí apá yẹn. Àwọn kókó tí wọ́n yọ ló ń fa omi ara kúrò nínú apá, àwọn náà ló ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ojú gbẹ́rẹ́ kékeré lè mú kí apá wú, kó má sì fẹ́ lọ mọ́.

Ọmọ Ifẹ̀ (akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn): Ẹ kú àlàyé, mà. Ẹ ní kó dijú, kí ẹ máa fi òwú kan awọ náà láti ibi tó ti mọ̀ ọ́n lọ síbi tí kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi báírò sàmì sí ààlà rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lóṣooṣù. Tí ibi tó kú náà bá dé ìka ọmọdìnrín, tàbí tí ọwọ́ kò bá lè di nǹkan mú mọ́, iṣan mìíràn nìyẹn, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá Tíṣà: Ó ṣe ìyàwó mi náà. Àwọn fisiotẹ́rápì (àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara) ní OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló kọ́ wa pé ká máa fi òwú ra ibi tó ń ta á, lẹ́yìn náà aṣọ àǹkárá, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì. Ìtani yẹn rọlẹ̀ gan-an. Ibi tó kú kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kò tán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé yóò tún mọ nǹkan lára bíi ti tẹ́lẹ̀? Ṣé kó ṣì máa dín àkàrà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fà á ni, ó lè padà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, iṣan kì í hù ju bíi mílímítà 1 lọ lójúmọ́. Tí wọ́n bá gé e, apá kan lè má padà. Kó máa dín àkàrà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó nípọn, kí agbada wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kó má sì fi bíléèdì fá abíyá yẹn. Lálaalẹ́, kó fi dígí yẹ inú apá náà wò. Ròrò tó lé yẹn, ẹ má bẹ́ ẹ. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, tó ń gbóná, tàbí tí ibà bá dé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.